Ṣáwà Oníná àti Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ògiri

Ṣáwà oníná ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri balùwẹ̀, tàbí tí wọ́n ń dè mọ́ ẹnu páìpù lókè orí ẹni tó ń wẹ̀, tó ń gba omi tútù wọlé, tó ń mú un kọjá lára kọ́ìlì gbígbóná, tó sì ń tú u jáde ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lójú ẹsẹ̀. Kì í tọ́jú omi pamọ́, ohun tó sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára hítà onítáńkì nìyẹn, nítorí pé hítà onítáńkì a máa gba omi bíi 30 tàbí 50 lítà sínú, a máa fara balẹ̀ sè é fún ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í sì í sábà nílò ju 1,500 tàbí 2,000 wáàtì láti ṣe iṣẹ́ náà. Wáàtì ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń jẹ iná tó. Ṣáwà oníná kò ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí omi fi ń gba inú rẹ̀ kọjá ni ó gbọ́dọ̀ mú un gbóná, ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé iná tó ń fà, èyí tó sábà máa ń wà láàárín 3,500 sí 5,500 wáàtì, pọ̀ ju ti fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n, fáànù àti gbogbo gílóòbù ilé lápapọ̀.

Ní Mahuta àti ní àwọn àdúgbò Kàdúná yòókù, ohun tó ń mú ènìyàn ra irú ẹ̀rọ yìí kì í ṣe fàájì. Ìlú náà wà lórí ilẹ̀ gíga tó ju 600 mítà lọ sí ìtẹ́jú òkun, ọyẹ́ sì ń fẹ́ níbẹ̀ láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí wọ inú oṣù kejì, tí omi inú táńkì tó sùn mọ́jú ní gbangba lórí òpó yóò fi tutù débi pé àgbàlagbà kò ní lè dà á sára láàárọ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ọmọ ọwọ́. Àwọn Yorùbá tó ti Ìlọrin, Ọ̀fà àti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ tẹ̀dó síbẹ̀ mọ ọyẹ́ tẹ́lẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n ọyẹ́ Kàdúná le ju èyí tí wọ́n mọ̀ lọ. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ilé ṣe ní ṣáwà oníná tàbí hítà, tó sì fi jẹ́ pé ìgbà tí ọyẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń mọ̀ pé èyí tó wà lára ògiri ti kú láti ọdún tó kọjá.

Onílé tó bá bá ara rẹ̀ nínú irú ipò yìí a máa rò pé ọjà ni òun ní láti lọ, kí òun ra tuntun ní ọjà Panteka tàbí ní ìsọ̀ oníná kan, kí ẹnì kan bá òun dè é sí ojú ibi tí ti àtijọ́ wà, kí ọ̀rọ̀ sì parí. Àṣìṣe tó léwu ni. Ṣáwà fúnra rẹ̀ ni ó rọrùn jù lọ láti pààrọ̀ nínú gbogbo ohun tó so mọ́ iṣẹ́ yìí, nítorí pé èyí tó ṣe pàtàkì jù wà lẹ́yìn ògiri níbi tí ojú kò ti tó o, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná wá, bírékà tó ń ṣọ́ ọ, àti ẹ́ẹ̀tì tó yẹ kó dá ẹ̀mí ẹni tó ń wẹ̀ sí nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Iná mànàmáná ti wọ Kàdúná láti ọdún 1929, nígbà tí ìlú náà jẹ́ ibùjókòó ìjọba Ìhà Àríwá, nítorí náà wáyà inú àwọn ilé ibẹ̀ wá láti ìran oríṣiríṣi: ibòmíràn wà tí wáyà pupa jẹ́ láìfù tí dúdú sì jẹ́ nútírà, ibòmíràn sì wà tí àwọ̀ búráùn àti búlúù ti gba ipò wọn, nígbà tí ilé tí wọ́n kọ́ díẹ̀ díẹ̀ lè ní méjèèjì nínú ògiri kan ṣoṣo. Láìfù ni wáyà tí iná ń gbà wọlé, nútírà ni èyí tó ń gbà padà.

Kí ènìyàn tó náwó rárá, ó yẹ kó mọ ohun tó pa ṣáwà àtijọ́. Kọ́ìlì inú rẹ̀ jẹ́ okùn irin tí wọ́n fi àdàlù níkẹ́lì àti kurómíọ̀mù ṣe, irú àdàlù tí Albert Marsh, ará Amẹ́ríkà, gba ẹ̀tọ́ ìṣẹ̀dá rẹ̀ lọ́dún 1906, tí àwọn tósítà àti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ amúǹkangbóná fi di ohun tó ṣeé lò dáadáa. Nísàlẹ̀ kọ́ìlì yìí ni awọ rọ́bà kan wà tó ń wú nígbà tí omi bá tì í, wíwú rẹ̀ ni ó sì ń ti irin méjì pọ̀ kí iná lè wọlé, èyí tó fi jẹ́ pé bí omi kò bá sí, iná kò ní wọ kọ́ìlì. Ọ̀nà ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n gbogbo apá rẹ̀ ló ń gbó. Omi kànga ẹ̀rọ tó bá ní ohun alumọ́ọ́nì púpọ̀ nínú a máa fi èèpá funfun bo kọ́ìlì títí yóò fi já, rọ́bà a máa le, ẹnu irin méjèèjì a sì máa jó dúdú. Bí ó bá jẹ́ kọ́ìlì nìkan ló já, tí ike ṣáwà kò sì sán, tí kò sí ibi tó yọ́ tàbí tó rùn bí ike jíjó, ọ̀pọ̀ irú ṣáwà wọ̀nyí ni kọ́ìlì wọn ṣeé rà lọ́tọ̀ ní owó tó kéré gan-an sí ti odidi ẹ̀rọ. Bí ike bá ti yọ́ lẹ́nu wáyà, kí wọ́n má ṣe tún un ṣe mọ́, nítorí pé yíyọ́ náà ń sọ nǹkan kan nípa wáyà, ọ̀rọ̀ sì ti kúrò ní ti ṣáwà nìkan.

Irú ṣáwà tí wọ́n sábà ń dè mọ́ ẹnu páìpù lókè orí jẹ́ ti orílẹ̀-èdè Bràsíìlì, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ìpínlẹ̀ São Paulo ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, tí ilé iṣẹ́ Lorenzetti, tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1923, sì sọ ọ́ di ohun gbogbo ilé. Irú kejì ni ti Gẹ̀ẹ́sì, àpótí pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri, tí ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè fi ránṣẹ́ sí òbí rẹ̀ nítorí pé ó rí bó ti wúlò lọ́dọ̀ òun. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń gbé Mahuta. Omi páìpù Lọ́ńdọ̀nù lè tutù ju ìwọ̀n 10 Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì lọ nígbà òtútù, nítorí náà ṣáwà ibẹ̀ ní láti fi bí ìwọ̀n 30 kún ooru rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe é ní 8,500 títí dé 10,500 wáàtì, tí ó sì ń fa iná tó tó bí 45 ámpíà nígbà tó bá pọ̀ jù. Ámpíà ni òṣùwọ̀n bí iná tó ń gba inú wáyà kọjá ṣe pọ̀ tó. Ilé tí iná ìjọba rẹ̀ kì í dúró kò ní ibi tí yóò ti rí irú iná bẹ́ẹ̀. Èyí nìkan kọ́. Ṣáwà Gẹ̀ẹ́sì gbẹ́kẹ̀ lé páìpù ìgboro tí omi inú rẹ̀ ń ti ara rẹ̀ pẹ̀lú agbára, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í tan bí agbára omi náà kò bá tó èyí tí táńkì tó ga ní mítà 7 sí 10 lè fúnni. Òpó táńkì tó wọ́pọ̀ nílé ènìyàn kò ju mítà 3 tàbí 4 lọ, ẹnu ṣáwà fúnra rẹ̀ sì ti wà ní mítà 2 sókè, tó fi jẹ́ pé mítà kan tàbí méjì péré ló kù tí yóò máa ti omi. Ti Bràsíìlì lè fi mítà kan ṣiṣẹ́. Ti Gẹ̀ẹ́sì yóò kàn máa tú omi tútù ni, onílé yóò sì rò pé wọ́n fi ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́ ránṣẹ́ sí òun.

Bí omi ṣe máa gbóná tó kò ju ìṣirò kékeré kan lọ. Ṣáwà 5,500 wáàtì tó ń tú lítà 3.5 jáde ní ìṣẹ́jú kan yóò fi bí ìwọ̀n 22 kún ooru omi, kí omi tó wọlé ní ìwọ̀n 19 láàárọ̀ ọyẹ́ lè jáde ní bí ìwọ̀n 41, èyí tó tó fún àgbàlagbà, tó tilẹ̀ gbóná jù fún ọmọdé. Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí dúró lórí pé iná pé 220 fóòtì. Fóòtì ni òṣùwọ̀n agbára tó ń ti iná gba inú wáyà, ẹnikẹ́ni tó bá sì ti gbé ní Nàìjíríà mọ̀ pé ní alẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò bá tan nǹkan, agbára náà a máa wálẹ̀, tí wọn yóò máa sọ pé iná kò ní kọ́rẹ́ǹtì. Bí ó bá wálẹ̀ sí 170 fóòtì, ènìyàn lè rò pé ìdá mẹ́rin ooru nìkan ni yóò dín, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kọ́ìlì ń dínkù ní bí ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí fóòtì ṣe ń dín ni ámpíà náà ń dín: 5,500 wáàtì yóò di nǹkan bí 3,300, ooru tó ń fi kún omi yóò sì wálẹ̀ láti ìwọ̀n 22 sí 13. Àwọn tó ti mọ̀wọ́ ẹ̀rọ yìí a máa dín ẹnu omi kù kí ó lè gbóná sí i, wọ́n sì ń ṣe dáadáa, títí dé ibi tí omi yóò fi kéré jù láti ti awọ rọ́bà, tí ṣáwà yóò sì pa ara rẹ̀. Kò sí ẹ̀bi lọ́rùn ẹ̀rọ níbẹ̀, rírà èyí tó tóbi jù ú lọ kò sì ní tán ìṣòro náà, nítorí pé èyí tó tóbi yóò tún fa fóòtì ilé náà wálẹ̀ sí i ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le wàyí ni wáyà. Ṣáwà 5,500 wáàtì ń fa 25 ámpíà lórí 220 fóòtì, bí iná bá sì gòkè sí 260 fóòtì lóru, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí gbogbo ilé ń lò kò ju 13 ámpíà lọ. Súwìṣì hítà tó ní iná pupa kékeré lójú, èyí tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn balùwẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé, 20 ámpíà ni wọ́n kọ sára rẹ̀, nítorí pé hítà onítáńkì ni wọ́n ṣe é fún, wáyà tó sì wà lẹ́yìn rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 2.5mm, irú èyí tí wọ́n ń fà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá yọ hítà onítáńkì 1,500 wáàtì kúrò, tó sì de ṣáwà 5,500 wáàtì sí ẹnu wáyà kan náà, ti sọ ẹrù wáyà náà di ìlọ́po mẹ́ta ó lé láìfi ọwọ́ kan ògiri. Kì í jó lọ́jọ́ náà. Wáyà yóò máa gbóná nínú páìpù rẹ̀ lójoojúmọ́, ike ara rẹ̀ yóò máa gbẹ, yóò máa le, títí ọjọ́ kan tí yóò sán. Wáyà 4mm tó jẹ́ ojúlówó bàbà ni ó kéré jù fún irú ṣáwà yìí, 6mm sì dára jù ú lọ níbi tí àpótí bírékà bá jìnnà sí balùwẹ̀. Kí ó sì jẹ́ pé òun nìkan ni yóò máa gbé iná fún ṣáwà, kí bírékà 30 tàbí 32 ámpíà tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ ojúlówó bàbà yìí ṣe kókó, nítorí pé wáyà kan wà lọ́jà tó jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lójú, òmíràn sì wà tí wọ́n kọ 4mm sí lára tí kò tó bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá fi ọ̀bẹ ha orí rẹ̀, tí funfun bá yọ lábẹ́ pupa, kí ó dá a padà fún ọlọ́jà.

Ẹnu ibi tí wáyà ti pàdé ṣáwà ni ó sì sábà ń kọ́kọ́ jó. Bí ìdè kan bá dẹ̀ díẹ̀, tó fi jẹ́ pé ìdènà tó wà níbẹ̀ kò ju ìdá mẹ́wàá óòmù kan lọ, óòmù sì ni òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà, 25 ámpíà tó ń gba ibẹ̀ kọjá yóò sọ ojú kan tí kò tóbi ju èkánná ọmọdé lọ di iná 62 wáàtì, èyí tó gbóná tó irin tí àwọn alátùn-ún-ṣe rédíò fi ń yọ́ òjé. Kò sí ike tó lè fara da ìyẹn. Kọ̀nẹ́kítọ̀ tángaran, èyí tó funfun tó sì nípọn, ni ó yẹ kí wọ́n lò, kí wọ́n dè é le, kí wọ́n sì tún padà wá dè é lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nítorí pé bàbà a máa rọ̀ lábẹ́ ìdè lẹ́yìn tó bá ti gbóná tó sì tutù lẹ́ẹ̀mélòó kan. Fífi ọwọ́ lọ́ wáyà méjì pọ̀, kí wọ́n sì fi tépù dúdú wé e, kò ní àyè kankan nínú balùwẹ̀.

Síbẹ̀, iná tó ń jó ike kò tíì burú tó iná tó wọ inú omi. Nínú ọ̀pọ̀ ṣáwà olówó pọ́ọ́kú, kọ́ìlì wà ní ìhòòhò nínú omi gan-an, ohun tó sì ń dáàbò bo ẹni tó dúró sábẹ́ rẹ̀ ni wáyà kẹta, wáyà aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní ẹ́ẹ̀tì, tó ń gbé iná tó bá ṣáko lọ sínú ilẹ̀. Òun yìí kan náà ni wáyà tí àwọn kan máa ń gé sọnù nítorí pé ṣáwà ń ṣiṣẹ́ láìsí i. Lóòótọ́ ni, ṣáwà yóò ṣiṣẹ́. Ohun tí kò ní ṣiṣẹ́ ni ààbò, kò sì sí ẹni tó máa ń mọ̀ pé kò sí níbẹ̀ títí di ọjọ́ tó bá nílò rẹ̀.

Ilẹ̀ Kàdúná tún ní ìṣòro tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pá bàbà tí wọ́n gbá mọ́lẹ̀ nídìí ilé ni ẹ́ẹ̀tì gbẹ́kẹ̀ lé, ilẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní ọ̀rinrin kí iná tó lè gbà á wọlé dáadáa. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹrin, òjò kì í sábà rọ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ pupa náà a sì máa gbẹ jinlẹ̀, tó fi jẹ́ pé ọ̀pá tó dára nígbà òjò lè di aláìwúlò ní àkókò ọyẹ́ gan-an tí gbogbo ilé ń lo ṣáwà jù. Kí ìdènà ọ̀pá náà tó 100 óòmù kì í ṣe ohun tó ṣòro rárá nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Bí láìfù bá wá kan ara ṣáwà, iná tí 220 fóòtì lè tì gba inú 100 óòmù kò ju 2.2 ámpíà lọ, bírékà 32 ámpíà kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, yóò dúró síbẹ̀ bí ẹni tí kò rí nǹkan kan, ara ṣáwà àti omi inú rẹ̀ yóò sì máa gbé iná fún ẹnikẹ́ni tó bá wọlé wẹ̀. Nítorí èyí ni ó fi jẹ́ dandan kí bírékà kejì wà, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní RCD, tó ń fi iná tó wọlé wé èyí tó padà, tó sì ń gé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí ìyàtọ̀ wọn bá tó 30 mílíámpíà, ìyẹn ìdá 30 nínú ẹgbẹ̀rún ámpíà kan. 2.2 ámpíà fi díẹ̀ ju ìlọ́po 73 rẹ̀ lọ, nítorí náà RCD yóò gé iná náà kódà bí ilẹ̀ bá gbẹ tí ọ̀pá kò sì dára mọ́. Nínú gbogbo ohun tí owó lè rà fún balùwẹ̀, kò sí èyí tó tó o. Àwọn kan a máa so ẹ́ẹ̀tì mọ́ nútírà láti fi yanjú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ, ṣùgbọ́n bí nútírà bá já lórí òpó iná níta, ara ṣáwà náà ni iná yóò kọ́kọ́ gbà.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, bírékà inú àpótí ni wọn yóò pa, kì í ṣe súwìṣì ara ògiri nìkan, nítorí pé ẹni tó ṣe wáyà ilé lè ti fi súwìṣì sí ojú nútírà, tí iná yóò sì ṣì wà lẹ́nu láìfù lẹ́yìn tí wọ́n bá pa á. Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ mànàmáná ti mú iná lọ, torí wọ́n lè dá a padà nígbà tí wáyà wà lọ́wọ́ ènìyàn. Tẹ́sítà ni yóò fi hàn pé iná kò sí. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò ti omi pa, wọn yóò tú ti àtijọ́, wọn yóò sì wo ẹnu wáyà: bí bàbà bá ti dúdú tàbí tí ike rẹ̀ bá ti le gbagidi, kí wọ́n gé e títí dé ibi tó mọ́, tàbí kí wọ́n fa tuntun. Tépù funfun tí àwọn púlọ́ńbà fi ń wé ojú ìdè páìpù yóò dí ibi tí omi lè gbà jò. Kí ẹnikẹ́ni tó tan iná, omi gbọ́dọ̀ ti máa ṣàn gba inú ṣáwà tuntun fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán, nítorí pé kọ́ìlì tí iná bá bá kí omi tó bò ó tán yóò já láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, àwọn ọlọ́jà kì í sì í gba irú èyí padà.

Owó iná náà yẹ kí ènìyàn wò ó. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni owó yúnìtì àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí wọ́n ní iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, fò láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225, kó tó wá sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí wọ́n bá fi ₦210 ṣe ìṣirò, ìwẹ̀ ìṣẹ́jú 8 lábẹ́ ṣáwà 5,500 wáàtì yóò jẹ bí ₦154, nígbà tí korobá omi lítà 15 tí wọ́n mú gbóná ní ìwọ̀n 20 kò ní jẹ ju bí ₦73 lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kò lè gbé irú ṣáwà yìí, ọ̀pọ̀ ínfátà ilé kò sì lè gbé e. Àwọn tó bá yàn láti lo hítà onígáàsì gbọ́dọ̀ fi í sí ìta balùwẹ̀ tàbí kí wọ́n ní ojú fèrèsé tó ṣí gbayawu, nítorí pé kábọ́ọ̀nù mónọ́ọ́sáìdì tó ń ti ara iná gáàsì jáde kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn nínú yàrá tí wọ́n tì pa nítorí òtútù.

Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ààbò iná, NEMSA, tí òfin ọdún 2015 gbé dúró, ní ẹ̀tọ́ láti fún àwọn oníṣẹ́ iná ní ìwé àṣẹ, onílé sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè fún ìwé náà kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àpótí bírékà rẹ̀. Kí oníṣẹ́ náà tó lọ, kí ó tẹ bọ́tìnnì ìdánwò tó wà lára RCD níṣojú onílé, kí iná gé, kí ó sì fi hàn án bí yóò ṣe máa tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀ lóṣooṣù. Kí ó tún fi ẹ̀rọ wọn ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì, ìgbà tó sì dára jù láti wọ̀n ọ́n ní Mahuta ni oṣù kìíní tàbí ìkejì, nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ jù, nítorí pé nọ́ńbà tí wọ́n bá rí lóṣù kẹjọ, tí òjò ti rin ilẹ̀ gbingbin, kò sọ ohunkóhun nípa bí ọ̀pá náà yóò ṣe rí lọ́jọ́ tí ènìyàn bá dúró sábẹ́ ṣáwà nínú ọyẹ́.